Igi Tí Àlejò Kò Gbọdọ̀ Gbìn

Ìgbìmọ̀ abúlé wa kò ní ọ́fíìsì. Kò ní àga onítìmùtìmù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tó ń gba owó oṣù. Ohun tó ní ni àtíbàbà onípáànù kan níwájú ilé Baálẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn tí káfíńtà abúlé kàn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àti ẹnu wa. Síbẹ̀, tí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo fi ń yangàn láyé yìí, n kò ní kọ́kọ́ dárúkọ àwọn ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, n kò sì ní dárúkọ ibi ìdín-gàrí tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì yẹn ni màá dárúkọ, nítorí mo ní àyè tèmi lórí rẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí títì tó ti Igbó-Ọrà lọ sí Ìdèrè. Tí ọ̀kadà bá já yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Ìyàwó ni mo jẹ́ níbẹ̀, Ẹ̀rúwà ni wọ́n ti fẹ́ mi wá. Nígbà tí wọ́n sọ pé ó yẹ kí obìnrin kan wà nínú ìgbìmọ̀, àwọn ọkùnrin kan rò pé èmi ni màá máa se oúnjẹ ìpàdé. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tí ebi bá ń pa kó lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kó tó máa bọ̀. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá yẹn ti wọ̀.

Kí là ń ṣe níbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú? Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ni. Ewúrẹ́ ta ló jẹ ẹ̀gẹ́ ta? Agboolé wo ló kàn láti ro ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò? Ta ló jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ omi ṣeré títí ọwọ́ rẹ̀ fi kán? A máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré àsápajúdé níwájú ilé ìwé. A máa ń sọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwa onígàrí ń dà sójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí èmi máa ń fẹ́ kí wọ́n tètè fò kọjá. Tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń bọ̀ láti Igbó-Ọrà wá fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwa là ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má gbé ọmọ lọ sóko lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí a kò bá ṣe é ni wọ́n máa ń rántí wa.

Ṣùgbọ́n a ní bí a ṣe ń ṣe tiwa. Lábẹ́ àtíbàbà wa, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á rò pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Rárá o. Tí àgbà bá kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ta ló tún fẹ́ la ẹnu? "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá" ni gbogbo wa máa máa wí, inú wa á sì máa sọ nǹkan mìíràn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ìlú tó kù kàn máa ń ka gbólóhùn yẹn lórí ahọ́n ni, abúlé wa ló ń fi í ṣe ìjọba.

Ẹni tó bá sì jẹ̀bi, a kì í jẹ́ kó dá rìn lọ sílé. Ẹni méjì nínú wa máa ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ti sin obìnrin kan lọ báyìí rí, tí ewúrẹ́ rẹ̀ ba oko ẹlòmíràn jẹ́. Ó bú mi láti abẹ́ àtíbàbà títí dé ojúde rẹ̀, ó bú ìyá mi, ó bú gàrí mi pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó gbé omi tútù fún mi mu. Mo mu ún, mo sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù nínú ìṣe wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Tí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bá mọ ohun kan nípa ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, á dìde lórí bẹ́ǹṣì, á lọ jókòó sórí ẹní tí a tẹ́ síwájú. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe adájọ́. Láti ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá ti kan ẹní, kò ní ohùn nínú ìdájọ́ ọjọ́ náà mọ́. Mo ti rí i tí àwọn ọkùnrin fi ẹ̀rí pa mọ́ sínú nítorí bẹ́ǹṣì yìí. Mo sì ti bínú sí wọn gidigidi, nígbà tí kò tíì kàn mí.

Lágbègbè wa, a kì í fi ilẹ̀ du ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Àlejò lè gba ilẹ̀ dáko, á máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún onílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, iṣu tàbí àgbàdo, ohun tí agbára rẹ̀ bá gbé. Ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin ẹ̀gúsí, ó lè gbin ohunkóhun tí wọ́n máa kórè tí ilẹ̀ á sì mọ́. Igi nìkan ni kò gbọdọ̀ gbìn. Kò gbọdọ̀ gbin kaṣú, kò gbọdọ̀ gbin ọsàn, kò gbọdọ̀ gbin àgbọn. Igi lẹ̀rí ilẹ̀. Ẹni tó gbìn ín á kú, ẹni tó yá a nílẹ̀ á kú, igi á dúró síbẹ̀, ọmọ ẹni tó gbìn ín á sì nawọ́ sí i pé bàbá òun ló nilẹ̀. Ẹjọ́ tí irú igi bẹ́ẹ̀ ti dá sílẹ̀ ní Ìbàràpá kò ṣeé kà.

Bàbá Ìbejì wá láti apá Òkè-Ògùn. Nígbà tó dé, kò tíì máa jẹ́ Bàbá Ìbejì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé ọkọ́ lé èjìká ni, ìyàwó rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹbí kan ló ni ilẹ̀ apá ìsàlẹ̀ odò. Olórí ẹbí náà nígbà yẹn, bàbá àgbàlagbà kan tó nífẹ̀ẹ́ ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́, fún un níbi tó máa kọ́lé sí àti ibi tó máa dáko. Ọmọ bàbá yẹn ni a ń pè ní Alhaji. Ọjà ló ń tà láti ìlú dé ìlú nígbà náà, ó lè tó oṣù mélòó kan kí a tó fojú kàn án. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ló padà wá sílé, tó di olórí ẹbí.

Kò pẹ́ tí àwọn àlejò yìí dé ni ìyàwó bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ní ilé ìwòsàn Igbó-Ọrà. Ìbejì kì í ṣe ohun ìyanu lọ́dọ̀ wa; ẹni tí kò bá bí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bí i. Wọ́n di ibi àwọn ọmọ náà fún wọn kí wọ́n lọ rì í nílé. Bàbá ọmọ kì í sì í ri ibi ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ló yẹ kó ṣe é, àwọn ìyá méjèèjì sì wà ní Òkè-Ògùn, ọ̀nà jìn.

Ìyá Alhaji ló dé. Ìyá Àgbà ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gbé omi kaná fún abiyamọ, ó ní, "Ìwọ ìyàwó Ẹ̀rúwà, mú ọkọ́ wá." Mo gbẹ́ ihò méjì lẹ́yìn ilé, nítòsí balùwẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ibi àwọn ọmọ náà sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bò ó, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wá gbé àgbọn méjì tó ti hù jáde látinú abọ́ tó gbé wá, ó gbìn ín sórí rẹ̀. N kò béèrè nǹkan kan. Ìyàwó ilé lásán ni mí, ta ni mí tí màá máa bi ìyá onílẹ̀ léèrè ohun tó ń gbìn sórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀? Ọkọ rẹ̀ náà wà láyé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó rí àwọn àgbọn náà bí wọ́n ṣe ń ga, kò wí nǹkan kan. Àwọn ìbejì náà ti wà ní ilé ìwé girama báyìí. Àgbọn wọn ti ga ju òrùlé lọ, ó sì ti ń so.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Títì tí wọ́n tún ṣe ti sọ ilẹ̀ wa di ohun tí àwọn ará ìlú ńlá ń wá kiri. Àwọn ọmọ Alhaji ń pè é lórí fóònù láti Ìbàdàn pé kó yẹ gbogbo ilẹ̀ ẹbí wò dáadáa. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, ọmọ àlejò kan ti nawọ́ sí igi kaṣú bàbá rẹ̀, ilẹ̀ sì ti bọ́ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà n kò lè pe Alhaji ní ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́rù ń bà lè ṣe ohun tí ìkà máa ń ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì fẹ́ lọ wẹ̀, ó sì rí ọ̀dà pupa lára àgbọn méjèèjì, irú àmì tí wọ́n máa ń kọ sára ilé tí ìjọba fẹ́ wó. Alhaji ti bá àwọn agégi sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ wọn wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà. Obìnrin náà wá bá mi níbi agbada gàrí. Kò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, ó ní, "Ìyá Onígàrí, wọ́n fẹ́ gé àwọn ọmọ mi."

Mo dá iṣẹ́ dúró, mo bá a lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ ti ń di ẹrù. Ó ti tú àwọn ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì síta.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ó ní, "N kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé igi yẹn, n kò ní sùn níbí mọ́. Ibi tí mo rí i pé wọ́n ti gé ibi ọmọ mi bí igi ìdáná, ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbé ibẹ̀?"

"Ilé ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ ńkọ́?"

Ó tún ń di ẹrù lọ. Mo dúró, mo ń wo ọkùnrin tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí, tó bá wa ro ọ̀nà odò, tó bá wa gbé òkú, tó bá wa gbẹ́ kànga kí ẹ̀rọ omi tó dé, ó sì dùn mí wọnú egungun. Mo gba ilé Baálẹ̀ lọ tààrà. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Alhaji pé kó ní kí àwọn agégi dúró di Ọjọ́rú. Alhaji sì gbà. Ó lówó, ó ní mọ́tò, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ lọ́yà, ṣùgbọ́n ó gbà nítorí pé àtíbàbà onípáànù yẹn ló ránṣẹ́ sí i. Ẹ rí nǹkan tí mo ń wí?

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, abẹ́ àtíbàbà kún dé ìta. Alhaji ló kọ́kọ́ rojọ́. Kò pariwo. Ó ní, "N kò lé e kúrò. Kó máa gbé, kó máa dáko, bí bàbá mi ṣe fún un. Igi ni mo ní kó kúrò nílẹ̀. Ṣé èmi ni mo ṣe òfin náà?" Òótọ́ ló sọ, òfin wa ni.

Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ kò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, èmi kọ́ ni mo gbìn ín."

Alhaji bi í pé, "Ta wá ni?"

Ó wo ilẹ̀, kò fọhùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé irọ́ ló ń pa. Èmi mọ ìdí tí kò fi fọhùn. Ní abúlé wa, a kì í pe ìyá wá jẹ́rìí ta ko ọmọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹjọ́ kí ni. Àlejò tí ìyá onílẹ̀ ṣe lóore, ṣé orúkọ ìyá náà ni yóò wá gbé jáde níwájú ọmọ rẹ̀? Ó yàn láti pàdánù igi ju kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wò ó níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, mo sì rí i pé ó mọ ìṣe wa ju ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé lọ.

Alága ọ̀dọ́, tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ló kéré jù nínú wa, òun ló ṣí i. Ó ní òfin lòfin, kí wọ́n gé e. Ẹni tó tẹ̀ lé e wí bákan náà. Ó wá kàn mí. Tí mo bá jókòó, mo ní ohùn kan fún Bàbá Ìbejì, bóyá òun nìkan sì ni ohùn tó máa ní. Tí mo bá dìde, mo ti sọ ohùn náà nù, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ní gba ẹ̀rí mi gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí àwọn ọkùnrin fi máa ń fi ẹ̀rí pa mọ́ sínú. Bẹ́ǹṣì yẹn le láti fi sílẹ̀.

Mo dìde. Mo ká ìró mi, mo lọ jókòó sórí ẹní. Mo ní, "Èmi ni mo gbẹ́ ihò. Ìyá Àgbà ló gbin igi."

Àtíbàbà dàrú. Alhaji na ìka sí mi. "Ìyá Onígàrí! Ṣé ìyá mi lẹ fẹ́ gbé wá sí kóòtù?"

"N kò gbé e wá síbì kankan o, Alhaji. Èmi ni mo jókòó sórí ẹní. Tí ẹ bá ní irọ́ ni mo ń pa, ẹ wí i síta, kí gbogbo ayé gbọ́."

Alùfáà wa, tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, ní kí a fọ̀rọ̀ balẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Ó ní, "Tó bá jẹ́ onílẹ̀ ló gbin igi sórí ilẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé àlejò kò rú òfin." Alhaji ní ta ló rí i yàtọ̀ sí obìnrin kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè. Gbogbo wa la mọ ẹni tó lè dáhùn. Ilé Alhaji gan-an ló ń gbé, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Títí di òní n kò mọ ẹni tó lọ sọ fún un. A kàn rí ọ̀pá rẹ̀ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì dìde dúró. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dojú kọ ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ gé àgbọn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ibi tí o ti ń sọ ọ́ ni mo ti máa gbọ́ ọ. Níbo ni mo bí ọ sí?"

"Ìgangan ni, Màmá."

"Lórí ilẹ̀ ta?"

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mo ní, lórí ilẹ̀ ta? Àlejò ni èmi àti bàbá rẹ níbẹ̀. Iṣu la lọ gbìn, kí bàbá rẹ tó padà wá di olórí ẹbí nílé yìí. Ọjọ́ tí mo bí ọ, ìyá mi kò sí nítòsí, ìyá ọkọ mi kò sí nítòsí. Ìyá onílẹ̀ ló ri ibi rẹ sẹ́yìn ilé wọn, ó gbin àgbọn lé e lórí. Ó ní kí ọmọ náà lè ní ibi tó máa tọ́ka sí. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni kí o gé."

Ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sinmi ọ̀pá rẹ̀ lé itan mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. N kò tíì gbádùn bẹ́ǹṣì yẹn tó bí mo ṣe gbádùn ẹní lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku Baálẹ̀. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, kó kàn ní kí wọ́n má gé e.

Baálẹ̀ ní, "Tí mo bá sọ pé kí Alhaji má gé e, á gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ á gé e nígbà tí èmi bá kú. N kò ní dá ẹjọ́ yìí. Alhaji, lọ sí Ìgangan. Wá ilé yẹn kàn. Bí o bá ṣe bá tìẹ ni kí o wá ṣe sí èyí. Tí wọ́n bá ti gé tìẹ, wá gé tiwọn náà, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Ìyá Onígàrí ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì, òun ni kó sìn ọ́ lọ, kó fi ojú rẹ̀ rí i."

Mo wo Bàbá Ìbejì. Ojú rẹ̀ ti ṣú. Ta ló ń dá igi sí fún ọmọ àlejò tó ti lọ, tí kò sì ní padà wá? Alhaji fúnra rẹ̀ ti di arúgbó onírùngbọ̀n funfun. Mo bínú sí Baálẹ̀ débi pé n kò kí i nígbà tí a tú ká.

Ní ọjọ́ kejì a wọ pikọ́ọ̀pù tí Alhaji fi ń kó ẹ̀gẹ́. A kọjá Ìdèrè kó tó la ẹnu. Ó ní, "Ìyá Onígàrí, ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi sí yín."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ máa wo iwájú, ẹ wa ọkọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò fẹ́ kí n rí i. Oko iṣu ló wà lápá ọ̀tún wa, oko iṣu ló wà lápá òsì, ebè lóríṣiríṣi, mo sì rò ó pé inú irú ebè báyìí ni ìyá rẹ̀ wà nígbà tó ń rọbí. Bóyá òun náà ń rò ó. Ó fa gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀, ó ń wo oko.

Ìyá Àgbà ti ṣàlàyé ilé náà fún wa: ẹ̀yìn ọjà, agboolé tí àpáta wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àpáta náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó kéré sí wa lọ́jọ́ orí ló jáde sí wa, ó ní òun ni olórí ilé báyìí. Ó gbé àga fún wa, ó gbé omi wá. Alhaji mu omi, ó mú ife dání. Èmi ni mo béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé igi àgbọn kankan ti wà lẹ́yìn ilé yín rí?"

Ọkùnrin náà wo èmi, ó wo Alhaji, kò bi wá léèrè ìdí. Ó ní kí a máa bọ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, a yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbọn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àgbọn kékeré ni. Ẹni tó bá gun àga lè ká èso rẹ̀.

Ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé igi yìí kò lè jẹ́ ẹgbẹ́ Alhaji. A jẹ́ pé wọ́n ti gé tirẹ̀, wọ́n sì ti gbin tiwọn dípò rẹ̀. Mo rí Bàbá Ìbejì lójú ọkàn mi níbi tó ti ń di ẹrù.

Alhaji ní, "Kì í ṣe èyí. Èyí kéré."

Ọkùnrin náà ní, "Òótọ́ ni yín, Alhaji. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wó. Ìjì ló wó o nígbà òjò kan. Ìyá bàbá mi ló gbin ìyẹn, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé kó tó kú pé ọmọ àlejò kan ló nibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ nǹkan kan sí i. Nígbà tó wó, bàbá mi gbin èyí sójú kan náà. Ó ní a kò mọ ọjọ́ tí ọmọ yẹn máa dé, kò sì dáa kó dé kó má bá nǹkan kan." Ó tún wo Alhaji. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Alhaji na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara igi náà. Ó wá jókòó sídìí rẹ̀ lórí ilẹ̀, tòun ti bùbá funfun tó wọ̀. Mo kọjú sí ògiri ilé ìdáná, nítorí èmi náà ń nu ojú. Olórí ilé lọ gbé ẹní wá fún un, kò jókòó lé e.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tó ń tẹ fóònù. Mo rò pé Baálẹ̀ ló ń pè. Bàbá Ìbejì ló ń pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó ní láti pariwo, gbogbo agboolé onílẹ̀ sì gbọ́ ọ.

"Bàbá Ìbejì! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Tú ẹrù rẹ. Mo ní kí o tú ẹrù rẹ! Tí ìjì bá sì wó igi yẹn lọ́jọ́ kan, gbin òmíràn síbẹ̀. Má wulẹ̀ wá bi mí."